Ìyàwó Tó Pe Ìyáálé Rẹ̀ ní Àbẹ̀kẹ́

Òórùn ògì gbígbóná àti ti oògùn tí a fi ń fọ ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn obìnrin, nílé ìwòsàn wa kékeré nítòsí Ìjerò. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, oògùn wọ́n bí ojú, ọ̀fìnkìn burúkú tó ń jà káàkiri ayé sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bí mo bá fọ́nnu díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi, fi jì mí. Ó tọ́ sí mi.

Wọ́n gbé ìyá kan wá láti Ìdó-Ilé, ìyáálé nílé Mùsùlùmí kan tó ń ta obì. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó kékeré inú ilé náà ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀fìnkìn lọ, àmọ́ ibà kò lọ. Ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹni tó lá ògì, ibi tí abẹ́rẹ́ omi tí a ń fà sí i lára gbà wọ apá rẹ̀ sì pọ́n. Mo fi han dókítà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Irú nǹkan tó ń mú búrẹ́dì bu ló gba ojú abẹ́rẹ́ yìí wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Oògùn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n máa fi ẹnu jẹun."

Ìwọ náà mọ ohun tí omi yẹn jẹ́ lójú àwọn ènìyàn wa. Aláìsàn tí igò kò bá so lókè orí rẹ̀, a ti pa á tì nìyẹn. Ọmọ náà dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá yọ omi yìí, kí ni ìyá mi yóò fi dé ulé?"

Mo sọ fún un pé ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni àìsàn ń gbà wọlé, pé bí ó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kí ó kúrò lọ́nà mi. Ọ̀rọ̀ mi gbóná, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ó kúrò. Mo yọ abẹ́rẹ́ náà, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àmọ́ ìyá kò gbé nǹkan kan mì. Mo fi oògùn aláró kùn ún lẹ́nu, ẹnu ṣì ń ta á, ó sì pa á dé. Ìyàwó kékeré bu ògì sínú ṣíbí, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó fẹnu mọ́ ọn létí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbé e mì." Èmi tí mo dúró tì wọ́n gbọ́, ọmọ náà sì gbọ́. Ìyàwó kì í pe ìyáálé rẹ̀ ní oríkì. Ìyá tó bíni ló ń pe irú orúkọ yẹn, ìyá tó bí aláìsàn yìí sì ti kú tipẹ́. Ọmọ náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìyá la ẹnu, ògì sì wọlé. Láti ìgbà náà, ṣíbí kan, Àbẹ̀kẹ́ kan, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, títí ibà fi lọ. Lọ́jọ́ kan ìyá taari ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Kò sí uṣu lulé yìí ni?" Iṣu ló ń béèrè! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí mọ́tò. Ìyàwó kékeré di apá rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ rọra, Ìyá wa."

Ìyá dúró, ó wò ó. "O ti gbàgbé orúkọ mi ni?"

Mo ti yọ abẹ́rẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mo fi ayé mi ṣe, obìnrin méjì yẹn lẹ́nu ìlẹ̀kùn mọ́tò ni mo máa ń rí, orí mi a sì wú.