Ilẹ̀ Tó Rìn

Lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ògiri tí mo mọ yí ilé mi ká lọ́nà Ìrólú ké pà, ó sì là. Bíríkìlà tí mo pè wò ó títí, ó mi orí. "Mọ́mì, ilẹ̀ yìí ń rìn o." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi bàjẹ́. Ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí níbí yìí kan náà, a sì fi í ṣẹ̀sín títí ó fi kó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oko obì ni gbogbo ibí nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ó dà lọ sí odò. Bàbá bàbá mi ló ni ìsàlẹ̀, Bàbá Rísì ló ni òkè, ìlà pèrègún sì ni ààlà. Àwọn igi obì ibẹ̀ tẹ̀ ní ìdí kí wọ́n tó nàró, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tó yí ọkàn padà. A rò pé bí obì ṣe ń hù nìyẹn. Rísì ni ọ̀rẹ́ mi. Ìdí pèrègún kan la ti ń dáná ọmọdé: òkúta mẹ́ta, agolo sàdíìnì lórí wọn, iyẹ̀pẹ̀ ni gàrí wa. Ojoojúmọ́ la ń jà lórí ẹni tí yóò ro ọbẹ̀.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dá, bàbá àgbà mú ọ̀pá ọparun rẹ̀, ó wọn ilẹ̀ láti orí àpáta etí odò, bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Pèrègún ti fi ọ̀pá méjì sún mọ́ àpáta, ó wọ inú ilẹ̀ wa. Ó figbe ta, adúgbò pé.

Bàbá Rísì dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, n ò fọwọ́ kàn án. Bóyá ulẹ̀ ló rìn."

"Ulẹ̀? Ó ní ẹsẹ̀ bí?" ni bàbá àgbà dá a lóhùn.

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́jọ́ kejì kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ hú pèrègún náà, kí ó gbé e padà sókè, kí ó sì fi ìlà obì méjì kún un gẹ́gẹ́ bí ìtanràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sáré lọ wo ààrò wa. Òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ìdí pèrègún gan-an, agolo ṣì wà lórí wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló hú igi yẹn, ṣé yóò gbé ààrò ọmọdé tẹ̀lé e ni? Mo fa bàbá àgbà lọ́wọ́ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wo òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ya lanu. Ilẹ̀ tó mu omi yó wúwo, ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìlà obì méjì yẹn, tí wọ́n so jìngbìnnì. Ó ṣa òkúta wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jù wọ́n sódò.

"Lọ bá ẹgbẹ́ ẹ ṣeré."

Mo lọ. Nígbà tí Bàbá Rísì ń hú pèrègún, àwa ọmọdé ń kọrin: "Ó gbé ààlà rìn, olè! Ó gbé ààlà jẹ, olè!" Ẹ̀rù bàbá àgbà bà mí, nítorí náà èmi ni mo lé orin. Rísì di ọkọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń wò mí. Kò sunkún. Kí ọyẹ́ tó dé, wọ́n ti kó lọ, a kò tún fojú kan ara wa mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tiwa ti lé lógójì. Obì ti lọ, ilé ti kún, ilẹ̀ ṣì ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sódò. Bíríkìlà bi mí pé ibo gan-an ni ààlà wà, kí òun lè tún ògiri mọ.

Mo nawọ́ sókè, ré kọjá ibi tí ìlà obì méjì Bàbá Rísì wà rí.