Ilé Tí Afẹ́fẹ́ Gbé Ró

Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Má tún un ṣe.

Ní ọdún tí o wọ girama, olùkọ́ yín ní kí ẹ ṣe àpẹẹrẹ ilé tí èèyàn lè gbé nínú òṣùpá. O ní ilé ọ̀hún kì í ṣe ti búlọ́ọ̀kù: wọn á ká a bí ẹní, tí wọ́n bá gbé e débẹ̀, wọn á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á wú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ilé tí wọ́n ń fẹ́ bíi táyà!

O ra tapólì ní ọjà Utako, o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, o fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, o so ẹnu rẹ̀ bí ẹnu àpò. Ó ga dé ìbàdí mi. Ká tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo lẹ ibi tí o rò pé ó ti ń jò níta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni afẹ́fẹ́ ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò yan ẹni tí yóò ṣojú ilé ìwé yín níbi ìdíje. O bú sẹ́kún.

Bàbá rẹ ní, "Kí onílé wa má gbọ́ o. Á ní òun ló ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo ní, "Gbé omi ọṣẹ wá."

Fọkanáísà ni bàbá àgbà rẹ ní Apo, ó kú kí wọ́n tó bí ọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ta omi tútù, ojú mi rí iṣẹ́ náà. A tún fẹ́ ẹ, a fi omi ọṣẹ pa á lára, ó hó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀: ibẹ̀ gan-an ló ti ń jò. O tún fẹ́ lẹ̀ ẹ́ níta, mo di ọwọ́ rẹ mú.

"Inú ni kó o ti lẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń wá ọ̀nà àtijáde náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."

O tú ẹnu rẹ̀, o wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ nìkan ló kù níta.

"Mama, òórùn gọ́ọ̀mù yìí!"

"Yauwa, bẹ́ẹ̀ ni. Òórùn bàbá àgbà rẹ nìyẹn."

Bí a ti ń dúró kó gbẹ, mo ro ti àwọn tí yóò sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Nílé wa ní ilẹ̀ Okun, bí ògiri amọ̀ bá lanu, aládùúgbò á bá wa po amọ̀, a ó rẹ́ ẹ níta. Lọ́hùn-ún, kò sí afẹ́fẹ́ níta, kò sí aládùúgbò. Àwọn tó wà nínú ilé ni yóò máa dí i. Àánú wọn ṣe mí.

Nígbà tó gbẹ, a tún fẹ́ ẹ. Ní àárọ̀, kí n tó gbàdúrà, mo tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣì le.

Ìwọ ni wọ́n yàn. O ní olùkọ́ bèèrè ẹni tó kọ́ ọ láti lẹ̀ ẹ́ nínú, o sì dáhùn pé, "Bàbá àgbà mi ni."

Ìwọ tí o kò rí i rí.