Oògùn Tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Fà Símú

Bí mo bá gbóòórùn gàrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ilé ọkọ mi ní Ẹdẹ ni ọkàn mi ń lọ. Ìyá ọkọ mi ló ń yan gàrí. Èéfín rẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ikọ́ á dá wọn dùbúlẹ̀. Ní ọdún tí mo wọlé, dókítà kan ní Òṣogbo fún wọn ní ìgò tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pé kí wọ́n máa fa omi pẹnisílíìnì símú láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, bí ara wọn tilẹ̀ le. Èmi ń tẹ rọ́bà, àwọn ń fà á.

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìyàwó! Àbí wọn ò fún ọ lóúnjẹ nílé bàbá rẹ ni?"

A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ikọ́ ò yọjú rárá. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo po oògùn náà.

Ààwẹ̀ wọlé kí ọyẹ́ tó lọ. Wọ́n ti ìgò bọ inú àpótí aṣọ. "Ohun tó bá gba ọ̀fun kọjá lọ́sàn-án ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Ó di ọjọ́ Ìtúnu."

Ó wà lẹ́nu mi pé ká máa lò ó ní sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun wo ló ń kọ́ ìyá ọkọ ní ààwẹ̀? Mo gbé e mì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ààwẹ̀ parí, wọn ò lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí. Ọkọ mi pe ààfáà.

"Ìyá, aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Ẹ loògùn, ẹ ó san án tó bá yá."

Wọ́n mí, wọ́n tún mí. "Ààfáà, ara mi le nígbà tí mo pa á tì. Ṣé kí n máa purọ́ àìsàn fún Ọlọ́run ni?"

Lójú ẹsẹ̀ ni ọkọ mi gbé wọn lọ sí Òṣogbo.

Abẹ́rẹ́ ni dókítà fi dóòlà ẹ̀mí wọn, ṣùgbọ́n ara wọn ò padà sípò mọ́. Nígbà tí òjò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ààwẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọn ò lè gbà náà. Ìgbà yẹn ni mo tó lanu sọ ọ̀rọ̀ sààrì àti ìṣínu.

"Ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Láti ìgbà ààwẹ̀, mà."

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ò bá ti sọ fún mi."

Wọ́n san mẹ́fà kí wọ́n tó kú. Èmi ni mo gba mẹ́ta tó kù. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, bí mo ti fi omi ṣínu tán, mo gbé ìgò náà, mo tẹ rọ́bà rẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.