Jíípù Oníṣáájì àti Ẹnu Àwọn Tó Ni Ín

Ọjọ́ tí Àlájà Síkírá gbé fóònù wá síwájú mi níbi tí a ti ń ta mọ́tò ní Ògùdù, fídíò kan ló ń ṣeré lórí rẹ̀. Òyìnbó kan jókòó sínú jíípù dúdú, ó ń wà á gba inú odò kọjá, omi ti dé ara ìlẹ̀kùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń jẹ ìrẹsì ọdún. Àlájà nawọ́ sí i.

"Bùnmi, èyí ni mo fẹ́. Wọ́n ní ó ń lo iná, ó tún ń lo epo. Ṣé ẹ ní i?"

A ní i. Ọ̀kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ọ̀gá mi fi aṣọ bò. Ṣùgbọ́n mi ò dá wọn lóhùn kíá, nítorí mo mọ Àlájà, mo sì mọ ohun tó gbé wọn jáde nílé.

Iṣu ni Àlájà ń tà ní Mile 12, ọkọ̀ ńlá ni iṣu wọn sì fi ń wọ ọjà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣòwò yìí, àwọn fúnra wọn ló ń lọ sí oko, lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, láti lọ fojú rí iṣu kí wọ́n tó sọ pé àwọn á rà á. Jíípù tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ń lọ ti gbó. Nígbà òjò tó kọjá, ó kú sójú ọ̀nà oko, Àlájà sì fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi rí ọ̀kadà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Ni àwọn ọmọ wọn bá fárígá. Ròṣídà, àkọ́bí wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sì ń bá wọn gbé ní Ìkòsì, ló ṣe agbẹnusọ. Ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí àwọn máa gbà kí ìyá àwọn fi lọ sóko. Bí ìyẹn náà bá já wọn sílẹ̀ lọ́nà, ó parí, wọ́n á jókòó sí Mile 12, wọ́n á máa rán ènìyàn lọ.

Àlájà ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ yẹn sétí rárá. "Ẹni tí mo bá rán, ojú tiẹ̀ ló máa fi wo iṣu," wọ́n sọ fún mi. "Ṣé torí ojú tiẹ̀ ni àwọn kọ́sítọ́mà mi ṣe ń wá sọ́dọ̀ mi?"

Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan kọ́ lèyí. Bí mo bá gbé jíípù tí kò yẹ fún wọn, èmi ni mo gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn.

Mo ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ títà. Ọ̀gá Múrí, tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ló fi àṣà kan lé mi lọ́wọ́ tí mi ò tíì jù sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú tuntun, mi ò ní tà á fún ènìyàn kí n tó mú onítọ̀hún lọ jókòó sílé ẹni tó ti rà á. Ilé ni o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Ọ̀gá Múrí gbà pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ mọ́tò rẹ̀ tán, tó ń dán, kò ní lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀gá mi ti ìsinsìnyí ò fẹ́ràn àṣà yìí. Á ní, "Bùnmi, ṣé o fẹ́ ta mọ́tò ni àbí o fẹ́ ṣe ọlọ́pàá?" Màá ní mo fẹ́ ṣe méjèèjì. Àwọn tí mo bá tà fún kì í padà wá fà mí láṣọ ya, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi ń fi mí sílẹ̀ kí n máa ṣe é.

Mo tún máa ń bi àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọkọ̀ yíyẹ̀wò. Dàpọ̀ ni tèmi. Àdúgbò Anthony ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa wa oríṣiríṣi ọkọ̀, kó máa sọ ohun tó bá rí níbẹ̀ fún ayé gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pè é lójú Àlájà.

"Aunty, jíípù yẹn dáa," ó ní. "Nínú ìgboro, tí bátìrì rẹ̀ bá kún, epo ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ jáde. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bátìrì yẹn kì í ṣe ẹrù kékeré. Tí iná bá tán nínú ẹ̀, ó di jíípù lásán tó ru ẹrù."

"Ìgbà wo lo wà á dà?"

"Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún mi. Wọ́n ti ṣáájì ẹ̀ kún kí wọ́n tó gbé e wá."

"Ọ̀nà oko ńkọ́?"

"Mo fi gun iyanrìn létí òkun."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Dàpọ̀ kì í parọ́, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó bá rí ló ń sọ, èyí tí kò bá sì rí, á ní òun ò rí i. Àmọ́ oko Àlájà ò sí létí òkun.

Ilé tí mo kọ́kọ́ mú Àlájà àti Ròṣídà lọ wà nínú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì, ilé lọ́yà kan tí gbogbo wa ń pè ní Daddy Tómi. A ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má rà á. Àlájà, ẹ gbọ́ tèmi, ẹ má rà á. Wọ́n ní màá gbàgbé ọ̀nà ilé epo. Irọ́ gbuu. Àwọn ọmọ ilé epo ti mọ orúkọ mi báyìí. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ ò mu epo tó o. Àwọn tó ń yìn ín lórí fídíò yẹn, ṣe ni wọ́n ń fi ènìyàn ṣeré."

Ojú Àlájà rọ. Mo rí i bí Ròṣídà ṣe gbé ẹ̀yìn ti àga, bí ẹni tí wọ́n ti dá láre. Inú bí mi díẹ̀. Mo bi Daddy Tómi níbi tí wọ́n ti ń ṣáájì jíípù yẹn. Wọ́n nawọ́ sí ara ògiri. Wáyà kan ló jáde láti ara jíípù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, ó sì parí sídìí jẹnẹrétọ̀.

"Iná kì í dúró ní àdúgbò wa," wọ́n ní. "Gẹ́n ni mo fi ń ṣáájì ẹ̀."

Ìyàwó wọn dáhùn láti kíṣìnì: "Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè. Epo ni wọ́n ń sun kí wọ́n má bàa sun epo."

Ẹ̀rín gbọ̀n wá. Àlájà fi gèlè bojú. Daddy Tómi dúró títí a fi rẹ́rìn-ín tán.

"Kí ni kí n ṣe nígbà yẹn?" wọ́n ní. "Òyìnbó inú fídíò ki wáyà bọ ara ògiri, ó lọ sùn. Kò sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ wá ògiri tó ní iná."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì gbà fún wọn. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ọkọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń sọ ti ọkọ̀, ti àdúgbò rẹ̀ àti ti ìbínú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ló máa ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, Àlájà sọ fún mi pé sólà táwọn ọmọ wọn gbé sórí ilé ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní ó dáa, ìyẹn ti kúrò níbẹ̀, ó ku ẹrẹ̀.

Ẹni kejì tí mo mú wọn lọ bá ń gbé ní Kétu, Sọ́féyọ̀ Lékan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, inú igbó ni iṣẹ́ sì ń gbé wọn lọ. Nígbà tí mo rí jíípù wọn, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn títí dé fèrèsé, inú mi dùn. Mo mọ̀ pé a ti dé ibi òótọ́.

Sọ́féyọ̀ ò yìn ín, wọn ò sì bú u. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí Àlájà jókòó síwájú, wọ́n wá fi ìka kan bọ́tìnì kékeré kan.

"Ẹ rí èyí? Òun gan-an ni jíípù. Bí ẹ bá kúrò ní Èkó tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, iná ni yóò máa gbé yín lọ lórí ọ̀dà, iná á sì tán lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó dé ẹrẹ̀, ó ti ku epo nìkan, bátìrì tó ti gbẹ á wà lábẹ́ yín bí òkúta. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú gbogbo ẹni tó yìn ín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, epo lá máa gbé yín lórí ọ̀dà, iná á wà nílẹ̀ de ẹrẹ̀."

Ohun tí Dàpọ̀ sọ náà nìyẹn, àmọ́ Dàpọ̀ sọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ó kọjá lọ. Ẹni tí ẹrẹ̀ ti wọ bàtà rẹ̀ ò lè sọ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́.

Ròṣídà wá lanu. "Uncle, ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní já mọ́mì mi sílẹ̀?"

"Rárá o. Kò sí mọ́tò tí mo lè búra fún."

Ìdáhùn yẹn ló mú kí Àlájà pinnu. Wọ́n bẹ Sọ́féyọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn gbé e dé oko. Iṣẹ́ kan ti ń pe Sọ́féyọ̀ sí apá Ìṣẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bá gbà. Ròṣídà gba àyè níbi iṣẹ́ láti bá wa lọ, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Mo mọ ohun tó fẹ́ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ, a ò tíì kúrò ní Kétu tí Sọ́féyọ̀ ti tẹ bọ́tìnì wọn. Lórí ọ̀dà, jíípù náà mu epo bí jíípù èyíkéyìí. Ròṣídà ń wo géèjì epo, ó ń wo èmi. Mo díbọ́n bí ẹni tó ń sùn.

Òjò ti rọ̀ kí a tó dé ibi tí ọ̀dà ti parí. Àwọn tírélà tó ń kó iṣu ti wú ojú ọ̀nà hú, omi pupa dúró sínú ipa táyà wọn. Sọ́féyọ̀ dúró, wọ́n yí nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì sì pa ẹnu mọ́. Iná ló kù tó ń gbé wa. Ìdákẹ́jẹ́ náà dẹ́rù bà mí ju ariwo lọ, nítorí mo ń gbọ́ bí ẹrẹ̀ ṣe ń fa táyà. Àlájà fi ọwọ́ méjèèjì di ohun ìdìmú òkè ìlẹ̀kùn mú. Nígbà tó ṣe, wọ́n sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ibí ni." Ibi tí jíípù wọn kú sí ni wọ́n ń sọ.

Táyà yọ̀, jíípù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní ó parí. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún Àlájà. Sọ́féyọ̀ fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀, táyà ẹ̀yìn tì wá jẹ́jẹ́, ó tún tì wá, a sì gòkè. Àlájà mí kanlẹ̀. Ròṣídà ń wo ìta.

Bí a ṣe yọ sí oko nìyẹn, láìsí ariwo kankan, àfi koríko tó ń ha ara ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń to òkìtì iṣu sílẹ̀ de Àlájà. Èyí tí ọkọ́ gé àti èyí tó ti ń rọ̀ ni wọ́n ń tò sí ìsàlẹ̀, àwọn gbàǹgbà tó ń dán ni wọ́n fi ń bò ó lórí. Ẹni tó ń darí wọn ni Bàbá Gàníyù, tí Àlájà ti ń ra iṣu lọ́wọ́ wọn tipẹ́.

"Ẹ ti èyí wọlé dáadáa," Bàbá Gàníyù ń wí. "Tí ìyá Èkó bá dé, òkè ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò."

Àlájà sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Gàníyù. "Àlájà. A ò gbọ́ yín."

"Mo mọ̀," ni Àlájà wí.

Jíípù tòkunbọ̀ yẹn, láti òkèèrè ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ìkùn rẹ̀. Kí Àlájà tó dé, wọ́n á ti to iṣu tán, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á máa fọwọ́ lẹ́rán. Àlájà kì í ra òkìtì kí wọ́n tó tú u, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn ará oko rí wọn tàn jẹ, ṣùgbọ́n Àlájà ò tíì bá wọn nídìí títo iṣu náà rí. Kò sí òyìnbó kan tó sọ èyí nínú fídíò. Dàpọ̀ ò sọ ọ́, Daddy Tómi ò sọ ọ́, Sọ́féyọ̀ tó ni jíípù gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Ròṣídà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó lóṣòó ti òkìtì náà, ó fa iṣu kan yọ nísàlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọlé.

"Mọ́mì, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí?"

"Ìgbà gbogbo."

"Tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ rán ló wá ńkọ́?"

Àlájà bẹ̀rẹ̀ sí tú òkìtì náà kalẹ̀. Iṣu náà ṣì wà lọ́wọ́ Ròṣídà, omi rẹ̀ ń ṣàn sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, òun náà sì ń wò ó.

Àlájà ra jíípù tí ọ̀gá mi fi aṣọ bò. Nígbà tí mo ròyìn fún Dàpọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun fẹ́ fi ìtàn náà ṣe fídíò. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Àlájà.

"Kó má dán an wò," wọ́n ní. "Àwọn ará oko náà ní fóònù."

Báyìí, Àlájà wà lára àwọn tí mò ń mú kọ́sítọ́mà lọ bá. Wọ́n á sọ ti epo, wọ́n á fi bọ́tìnì hàn, wọ́n á ráhùn pé ó ga jù fún orúnkún àwọn àti pé ẹrẹ̀ ń wọ ihò tí wọ́n fi ń ṣáájì rẹ̀. Ti ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni wọn kì í sọ. Èmi náà á pa ẹnu mi mọ́.

Mo yà sílé wọn ní Ìkòsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àlájà ò sí nílé. Ròṣídà ni mo bá nídìí jíípù, aṣọ ọ́fíìsì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu ihò náà mọ́ tónítóní kó tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo bi í pé ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é ni.

"Mọ́mì ń lọ sóko lọ́la, Aunty," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀."