Ògiri Tí Mo Pè Ní Àríwá

Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ pírámárì fáìfù ní ilé-ìwé aládàáni kan lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo sì ti sọ ọ́ nínú àdúrà, ṣùgbọ́n nígbà méjèèjì ni mo fo ibi tó burú jù níbẹ̀.

Ní kíláàsì mi, a ní ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ àárọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti ń wọlé, wọ́n á bá nǹkan méjì lójú pátákó: gbólóhùn kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ pẹ̀lú àṣìṣe, àti ìbéèrè kan lórí máàpù. Wọ́n á tún gbólóhùn náà kọ bó ṣe yẹ, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tá a yà sọ́tọ̀ fún un. Ọjọ́ kan Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kejì Yorùbá. Lónìí, mo lè béèrè ìpínlẹ̀ tó bá Èkó pààlà. Lọ́la, ìlú tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Kò sẹ́ni tó rán mi, èmi ni mo dá a sílẹ̀ fúnra mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni, ṣùgbọ́n kí táàmù àkọ́kọ́ tó parí, àwọn ọmọ tí kò lè fi àmì kan sórí ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ó dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sóhun tó wà nínú iṣẹ́ náà tí mi ò mọ̀.

Máàpù Nàìjíríà kan wà tí mo fi ìṣó kọ́ sókè pátákó. Mo ti kọ́ wọn pé òkè máàpù ni àríwá, ìyẹn ò sì burú. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo fi kún un pé bí wọ́n bá jókòó sí àyè wọn tí wọ́n kọjú sí máàpù, àríwá ni wọ́n kọjú sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Èkìtì, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Bí mo bá ní, "Àríwá dà?" ọwọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n á nà sí ògiri pátákó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kejì, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ìpínlẹ̀ kan ní Kwara nígbà tó jẹ́ odò Ọya ló wà níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ya máàpù wà lókè ni? Mo fẹ́ràn rẹ̀, àfi ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Ìyá rẹ̀ ti wá mú un rí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nínú sùtánà, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń lọ sí ìsìn. Èmi ọmọ Áńgílíkà ni mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í sọ̀rọ̀ àwọn aláṣọ funfun láìyínmú. Mo rò pé mo ti dàgbà kọjá ìyẹn.

Ọjọ́rú kan, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ìyá àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, sọ pé òun á wá wo iṣẹ́ àárọ̀ mi. Ó ní bí òun bá gbádùn rẹ̀, òun á ní kí gbogbo tíṣà yòókù máa ṣe é. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìwé àti bírò. A ṣe gbólóhùn, ó lọ déédéé. Mo wá béèrè èyí tó rọrùn jù lọ, kí gbogbo wọn lè gbà á.

"Ta ló lè fi àríwá hàn wá?"

Wọ́n nawọ́ sí pátákó. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ni kò nawọ́. Ó dìde dúró.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé ìlà-oòrùn ni ibẹ̀ yẹn."

"Ibo?"

"Ibi pátákó, mà. Níbẹ̀ ni oòrùn ti máa ń yọ láàárọ̀, ó máa ń ta sí wa lójú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí gbàdúrà, apá ibẹ̀ yẹn náà sì ni pẹpẹ wa wà."

Ká ní mo yíjú wo fèrèsé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Oòrùn wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú ń fi ọwọ́ ṣíji bojú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó wà lẹ́yìn ni mo wò. Ó ti dá bírò dúró, ó ń retí ohun tí mo máa sọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé nínú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti wá ń kọ́ jọ́gíráfì báyìí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà ò jókòó.

"Ṣùgbọ́n, Àǹtí, orúkọ rẹ̀ náà ni ìlà-oòrùn. Ibi tí oòrùn ti ń là."

Mo ní kó kúnlẹ̀, kó gbọ́wọ́ sókè, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ títí tá a fi parí. Kò sunkún. Nígbà tí mo ní kó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bá a ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣe, ó sì lọ jókòó. Ọ̀gá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ mi dára gan-an, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kó kíláàsì níjàánu.

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Wòlíì. Bí wọ́n bá jáde ṣeré, wọ́n á ní, "Wòlíì, apá ibo ni oòrùn máa gbà yọ lọ́la?" Etí mi gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ ilé, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ṣí kọ́ńpáàsì tó wà lórí fóònù mi, mo gbé e lé orí tábìlì. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo tún gbé e sórí ilẹ̀, bóyá irin tábìlì ló ń dà á láàmú. Ibì kan náà ló ń tọ́ka sí. Ìlà-oòrùn ni pátákó. Àríwá wà lápá òsì, níbi ògiri tí ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọjú sí àwọn ọmọ láràárọ̀ tí oòrùn ń jó mi lẹ́yìn ọrùn, mi ò bi ara mi léèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí mo máa ń fò nìyí. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dé kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, mi ò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yí ìbéèrè máàpù padà. Mi ò béèrè apá ibi kankan mọ́. Olú-ìlú àti odò la ń ṣe, olú-ìlú àti odò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi bẹ́ẹ̀ sá fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n á gbàgbé, pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọn ò ní gba ohun tí mo bá sọ gbọ́ mọ́.

Ọmọ náà ò bi mí ní ìbéèrè kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn. Mo rí i, ó sì ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo pè é ní ìwà ọmọlúwàbí. Ìgbà tí mo ń máàkì ìwé wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan lara mi wá bù máṣọ. Gbólóhùn Yorùbá la ṣe lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó báyìí: "iya mi lọ si ọja o ra isu". Ó yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n fi kámà àti àmì ìdúró síbi tó yẹ. Ọmọ náà tó máa ń kọ́kọ́ parí, ó dà á kọ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Mo ṣí ojú ìwé ẹ̀yìn. Bákan náà ni. Mo ṣí i títí dé Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo ní kó kúnlẹ̀. Kò tún àṣìṣe kankan ṣe láti ìgbà náà. Mo sì ti ń fi íńkì pupa fa igi sí gbogbo rẹ̀, mi ò dúró ronú lẹ́ẹ̀kan.

Mo pè é sídìí tábìlì mi.

"Kí ló dé tó ò tún un kọ? Ṣé o ò rí ibi tó ti ṣẹ̀ ni?"

"Mo rí i, mà."

"Kí ló wá dé?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

Kò fi yájú. Ká ní ó fi yájú ni, bóyá ì bá sàn fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Akọ́wọ́njọ, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, sùtánà funfun tó ti rán tán kún ara ògiri. Ó rí mi, ó sáré dìde lẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣé kò sí? Kí lọmọ mi ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì. Èmi ni mo ṣe."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ẹ̀fẹ̀ tí mo fi ìjọ wọn ṣe. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń yí òwú mọ́ ìka rẹ̀.

Ó ní, "Kò sọ pé ẹ ní kí òun kúnlẹ̀. Ohun tó bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé, 'Mọ́mì, ṣé ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí gbàdúrà lóòótọ́?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní Àǹtí òun sọ pé kì í ṣe ìlà-oòrùn. Èmi ò kàwé púpọ̀, Àǹtí. Mo sọ fún un pé a jẹ́ pé Àǹtí rẹ ló mọ̀ ọ́n."

Ó tú òwú náà kúrò ní ìka rẹ̀.

"Mo mọ ibi tí oòrùn ti ń yọ o. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kàwé."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó dì mí lápá mú. "Ẹ dìde jàre, àwọn èèyàn ń wò wá. Òun lẹ máa bẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Mo kó gbogbo wọn jáde sí àgbàlá. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí wọ́n wá wo iwájú wọn. Mo ní, "Iwájú yín yẹn ni àríwá." Ilé ìtọ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi.

"Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà," mo sọ fún wọn. "Ẹnì kan nínú yín mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́, mo sì fìyà jẹ ẹ́. Ìgbà tí mo wá mọ̀ pé òun ló tọ̀nà, mi ò sọ fún yín, torí ojú ń tì mí. Ìyẹn ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe." Mo wá kọjú sí i níbi tó dúró sí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Ó ti tán, mà," ló sọ. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ pè é ní Wòlíì béèrè bóyá kí wọ́n pa gbogbo àríwá tí wọ́n ti kọ sínú ìwé rẹ́. Mo ní kí wọ́n má pa á rẹ́, kí wọ́n fa igi sí i, kí wọ́n kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀gá ti gbọ́. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní tíṣà kì í tú ara rẹ̀ síhòòhò níwájú ọmọdé, pé bí àwọn òbí bá gbọ́, kí la fẹ́ wí? Mo ní kí ó má bínú. A ò tún gbọ́ mọ́ pé kí àwọn tíṣà yòókù máa ṣe iṣẹ́ àárọ̀.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbólóhùn kọ padà. Àmì rẹ̀ pé, lẹ́tà rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò nawọ́ mọ́. Bí mo bá pè é, á dìde, á dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ á tọ̀nà, á sì jókòó. Mo gbìyànjú. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tó ṣe kábakàba kó lè bi mí léèrè, àwọn ọmọ yòókù á máa béèrè, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún ìwé parí, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n sì mú un kúrò nílé-ìwé wa. Ìyá rẹ̀ wá dágbére, ó fún mi ní aṣọ tábìlì kan tó rán, mo gbà á, mo sì dúpẹ́.

Mo rí i lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, nídìí bọ́ọ̀sì Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó ti ga tó mi. Òun ló kọ́kọ́ rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa láàárín èrò. Mo bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ràn jù nílé-ìwé.

"Máàsì, mà."

"Ṣé o máa ń bi tíṣà yín ní ìbéèrè?"

Ó ronú sí i, bí ẹni tó fẹ́ fún mi ní ìdáhùn tó tọ̀nà.

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà," ó wí. "Tó bá ti dá mi lójú tán."

Bọ́ọ̀sì wọn dé, ó ní ó dàbọ̀, ó wọlé.