Àpilẹ̀kọ Kẹsàn-án Dókítà Mùtmàínà

Kí Dókítà Mùtmàínà Yàkúbù tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, àpilẹ̀kọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti tẹ̀ jáde nínú jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn. Ó to àkọlé wọn sínú ìwé tí yunifásítì fẹ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìkẹsàn-án ni àwọn onímọ̀ ìlú òkèèrè ń tọ́ka sí jù. Ohun tó sọ ni pé, ní Ìsundunrin, ìlú kan nítòsí Èjìgbò, kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ kúrò lára èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láàárín ọdún mẹ́rin láìlo oògùn kankan.

Ọmọ Èjìgbò ni. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, bí bàbá náà sì ṣe ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sínú ìwé ni ọmọ ṣe wá ń kọ ti ẹ̀jẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́. Ní ọdún 2015, ó gba ẹ̀jẹ̀ igba èèyàn ó lé ní Ìsundunrin, ó sì fún olúkúlùkù ní káàdì. Ó bẹ̀ wọ́n pé bí òun bá padà dé ní 2019, kí àga ẹnikẹ́ni má ṣe ṣófo, torí iṣẹ́ náà lè bàjẹ́. Nígbà tó padà dé, kò sí àga kan tó ṣófo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú àpilẹ̀kọ náà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ jókòó lórí ìgbéga rẹ̀ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Kàdíjà wọ yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ ní Èjìgbò. Ẹyinjú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, ikùn rẹ̀ sì wú. Káàdì 2015 wà lọ́wọ́ rẹ̀: nọ́ńbà 112. Mùtmàínà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá kòkòrò náà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó ṣí rẹ́jísítà. Ní 2019, ẹ̀jẹ̀ nọ́ńbà 112 mọ́ tónítóní; ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà ni.

Ó béèrè pé, “Nígbà tí mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kejì, ṣé ara rẹ le?”

“Ẹ̀ẹ̀kejì kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ gbà á, mà. Ọdún 2017 ni mo bá ọkọ mi lọ sí Àbíjàn. Ìjẹta ni mo dé.”

Ìka Mùtmàínà wà lórí ìlà náà nínú rẹ́jísítà. Kàdíjà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ìyá òun ló pe òun lórí fóònù ní 2019 pé dókítà ní ara òun ti mọ́, bí òun ṣe dẹ́kun àtimáa lọ sí ọsibítù nìyẹn.

Wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí Ìsundunrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Màmá Fàsílátù, ìyá Kàdíjà, ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n fi ṣe àwàdà pé afẹ̀jẹ̀mu àwọn ti dé, wọ́n sì gbé àpótí fún un. Mùtmàínà béèrè ẹni tó jókòó sórí àga Kàdíjà ní 2019.

“Qàwíyyàt àbúrò rẹ̀ ni. Ṣebí ìwọ lo ní kí àga má ṣófo? Ẹni tó bá wà ní Àbíjàn, ará ilé rẹ̀ ló ń dúró fún un, ìbáà ṣe iṣẹ́ àdúgbò, ìbáà ṣe ìsìnkú. Ṣé a máa wá dójú tì ọ́ ni? Ìyá kan, bàbá kan ni wọ́n.”

Ó béèrè bóyá ilé àwọn nìkan ni. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ilé. Nígbà tí ìka tán, wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu wọn.

“Kí la ṣe, ọmọ mi?”

Mùtmàínà dáhùn pé, “Èmi ni mi ò béèrè, mà. Àga ni mo kà, mi ò wo ojú ẹni tó jókòó.”

Ó mú Kàdíjà lọ sí ọsibítù ńlá ní Òṣogbo lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, òun àti Qàwíyyàt ń lọ láti ilé dé ilé. Nínú àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà ní Àbíjàn ní 2019. Ó gba nọ́ńbà fóònù wọn, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò.

Olújídé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka náà, gbà á níyànjú pé kó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ jókòó ná kó tó kọ̀wé sí jọ́nà pé kí wọ́n fagi lé àpilẹ̀kọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Mùtmàínà sọ fún un pé èèyàn mẹ́jọ ò tíì gbé fóònù.

Ó kọ̀wé sí jọ́nà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó mú rúlà, ó fa ìlà pa àkọlé kẹsàn-án nínú ìwé ìgbéga rẹ̀, ó tún fa ìlà pa ìkẹrìnlá tó gbára lé èsì rẹ̀. Ó kọ mẹ́rìnlélógún sísàlẹ̀, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, ó sì tún tẹ nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn mẹ́jọ náà.