Ìpè Ọ̀sán Gangan

Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe kò lórúkọ lédè wa nígbà náà. A ó jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, a ó panu mọ́, a ó máa ṣọ́ èémí wa bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Ohunkóhun tó bá yọjú sọ́kàn, ìbáà ṣe ẹ̀rù, ìbáà ṣe ẹkún, a ó wò ó. A ò ní lé e, a ò sì ní tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà la ó wá sọ̀rọ̀ nípa ohun tá a rí. Ìdajì àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti wá. Ìdajì kejì, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ wo ọkàn sàn. Dókítà tí mo ń bá ṣe nọ́ọ̀sì ní Ọ̀jọ́ ló so méjèèjì pọ̀ kọ́ mi. Ará Siri Láńkà ni, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ń pè é ní Íńdíà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Ìgbà owó epo ni. Wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Bàdágìrì, erùpẹ̀ pupa bo ewé, bo aṣọ, bo oúnjẹ ẹni. Ọ̀kan nínú àwọn katapílà tó ń la títì náà ló pa ọkọ aránṣọ kan ní Okokomáìkò. Wọn ò tíì ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀. Kì í ṣe lóru o. Ọ̀sán gangan ni, àsìkò tí ọkọ máa ń yà wálé wá jẹun. Ohùn á pè é láti ẹ̀yìnkùlé, á dáhùn, á bu oúnjẹ, á gbé e lọ síbi tí kò sí ẹnì kankan.

Ó sú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Ìba. Ó ní bó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ tí kò jáwọ́, òun á gbé e lọ sílé oníṣègùn kan níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n so aláìsàn mọ́ igi. Mo ti dé ibẹ̀ rí. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ kì í pariwo mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Ajé ni dókítà rán mi sí aránṣọ náà. Ó ní kí n máa bá a jókòó lọ́sàn-án, kí ohùn náà bá àwa méjèèjì nílé. Ó bi mí bóyá mò ń jókòó fúnra mi ní ìdájí bí òun ṣe kọ́ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, gbogbo ìgbà tí mo bá sì jókòó tí mo dákẹ́, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo yáa ń sùn.

Aránṣọ náà fi mí rẹ́rìn-ín. “Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí n jókòó kí n máa mí? Kí lẹ rò pé mò ń ṣe látàárọ̀?”

“Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń mí ni. Bó bá pè yín, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì sá.”

“Ọkọ mi á pè mí, màá wá panu mọ́? Àfojúdi nìyẹn!”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: bí àgbà bá pè ọ́, ìpè àkọ́kọ́ ni kó o jẹ́. Wọ́n sì tún kọ́ wa pé béèyàn bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó sọ èyí tó ga ju èkejì lọ fún wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dáhùn. Lọ́jọ́rú, ó di ẹsẹ̀ máṣíìnì rẹ̀ mú, omijé ń dà, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ọjọ́ náà ló tó sọ fún mi pé àwọn jà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ òun kú, òun ò sì gbé oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ fún un. Ìdí àwo ẹ̀yìnkùlé wá yé àwa méjèèjì. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbọ́ ohùn náà, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pé bí òun bá kírun tán, òun ń bọ̀. A jókòó sórí ẹní. Katapílà tó ń ké láti àárọ̀ ṣàdédé dákẹ́. Adìẹ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà wú bí ikùn ẹni tó fa èémí sínú, kò sì wálẹ̀. Ohùn obìnrin kan pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. Oríkì mi ló fi pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi í pè mí láyé, ọwọ́ mi sì wà lára àwọn tó bo sàréè wọn.

“Mà!” Mo ti dìde kí n tó mọ̀.

Ọwọ́ kan di ìró mi mú. Aránṣọ náà ni, kò tilẹ̀ lajú. “Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó.”

“Ìyá mi ń pè mí.”

“Mo mọ̀. Ẹ máa mí. Ẹ gbọ́ wọn, ẹ má dáhùn mọ́.”

Mo jókòó. Ohùn náà tún pè mí, ó ti sún mọ́ fèrèsé, ó rọ̀ bí ìgbà tí ibà bá ń ṣe mí ní kékeré. Ẹkún tí mi ò sun níbi òkú wọn dé.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wọlé bá wa nìyẹn, tòun ti ọkùnrin méjì àti okùn. Nọ́ọ̀sì ń ké bí ọmọdé, ẹni tí wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú ń nujú fún un. Ó wò mí, ó wo àbúrò rẹ̀.

“Èwo wá ni ká dè báyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oòrùn. Ẹ bá mi bu omi fún nọ́ọ̀sì.”

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Ó pè mí lánàá. Mo gbọ́ ọ. Mi ò bu oúnjẹ.”

Ó lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Kò sí àwo kankan níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà wọlé, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n dá okùn padà sínú mọ́tò. Ó bu omi náà fún mi kó tó lọ.

Nígbà tí ariwo mọ́tò wọn ti jìnnà, mo bi aránṣọ náà pé ohùn ta ló kọ́kọ́ gbọ́ lónìí, ti ọkọ rẹ̀ ni àbí ti ìyá mi.

“Èmi? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n pè.”

Ó tún ẹní tẹ́. Ó ní ká jókòó, kí n sọ bí màmá mi ṣe kú fún òun. Mi ò tíì sọ fún un rí pé màmá mi kú.

Mo jókòó.